Ìkọlù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára kékeré pẹ̀lú átọ́ọ̀mù àti mólékù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń jẹyọ jù tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ bá pàdé átọ́ọ̀mù tàbí mólékù nínú gáàsì. Ìdáhùn àwọn kan kúrú. Mo pẹ́ lórí àwọn mìíràn, pàápàá ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń dúró díẹ̀ lára mólékù kó tó jáde, nítorí pé lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí wà. Ẹni tó bá ti ka físíìsì tàbí kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama yóò lè bá wa lọ.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo là ń pè ní alágbára kékeré?

Èyí tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 eV lọ, títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. 1 eV ni agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń jèrè bí ìyàtọ̀ fólítì kan bá sún un síwájú, ìyẹn 1.6 × 10⁻¹⁹ joule.

Kò sí òfin tó gún ààlà náà sí 100 eV. A ń pa á láàlà níbẹ̀ nítorí pé agbára tó so ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta mọ́ átọ́ọ̀mù kò jìnnà síbẹ̀: 13.6 eV fún háídírójìn, 15.8 eV fún argon, 24.6 eV fún helium, tó ṣòro jù nínú gbogbo átọ́ọ̀mù láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára rẹ̀. Ìdè tó so átọ́ọ̀mù pọ̀ nínú mólékù tún kéré sí èyí. Agbára àlejò àti agbára onílé wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún eV máa ń kọjá kí átọ́ọ̀mù tó mọ̀ pé ó wá, ìṣirò rẹ̀ sì rọrùn. Èyí tó ní eV mélòó kan kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Átọ́ọ̀mù máa ń yí ara padà nítorí rẹ̀, ìyípadà yẹn náà á sì tún darí ọ̀nà tí àlejò yóò gbà.

Báwo ló ṣe ń yára tó?

Èyí tó ní 1 eV ń sáré nǹkan bí 590 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mólékù naitrójìn inú yàrá kì í sáré ju nǹkan bí ìdajì kìlómítà lọ ní àkókò kan náà, nítorí náà a lè kà á sí ohun tó dúró sójú kan. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe fúyẹ́ ló fà á: agbára kékeré ti tó láti mú un sáré burúkú.

Ẹ sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ ìgbì. Ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì níbí?

Ó ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ. Ní 100 eV, gígùn ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ 0.12 nánómítà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá átọ́ọ̀mù kan dọ́gba. Ní 10 eV, ó di 0.39 nánómítà. Ní 1 eV, ó di 1.2 nánómítà, tó ju ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́wàá. Bí ìgbì bá gùn ju ohun tó kọlù lọ, kò sí bí a ṣe máa béèrè ibi gan-an tó ti gbá a. Gbogbo átọ́ọ̀mù náà ló pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì rọ̀gbà yí i ká.

Ní 1927, Clinton Davisson àti Lester Germer darí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ojú kírísítálì níkẹ́lì ní Amẹ́ríkà. Ní 54 eV, wọ́n rí i pé ó ń jáde lọ́pọ̀ yanturu ní igun 50 díígírì, bí ìgbì ṣe máa ń ṣe gan-an nígbà tó bá padà láti ara àwọn átọ́ọ̀mù tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ohun líle ni wọ́n lò, kì í ṣe gáàsì, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n lò wà láàárín ààlà tí à ń sọ yìí.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá pàdé mólékù?

Ó lè yà kúrò lọ́nà kó sì máa bá tirẹ̀ lọ láìfi agbára kankan tó ṣeé kà sílẹ̀. Ó lè fi díẹ̀ sílẹ̀ kí mólékù máa yí tàbí kó máa gbọ̀n. Ó lè fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú mólékù bọ́ sí ipò gíga, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa jáde bó bá ń padà sílẹ̀. Ó lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà, kí ọ̀kan wọlé kí méjì jáde. Ó sì lè dúró síbẹ̀ kó má jáde mọ́.

Agbára ló ń pinnu èyí tó ṣeé ṣe nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká mú naitrójìn, tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́. Láti mú un yí, 0.0015 eV ti tó. Láti mú un gbọ̀n, 0.29 eV. Láti ru ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sókè, ó di nǹkan bí 6.2 eV. Láti pín in sí átọ́ọ̀mù méjì, 9.75 eV. Láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára rẹ̀, 15.6 eV. Bí agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó sì ti ṣí kì í padé mọ́.

Ṣé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wọlé náà ló ń jáde?

Kò sẹ́ni tó lè sọ. Gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí àmì lára èyíkéyìí. Tuntun lè jókòó kí ti àtijọ́ jáde, àyọrísí rẹ̀ sì hàn kedere. Nínú helium, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì máa ń ní spin (àbùdá kan tó dà bí yíyí, tó lè kọjú sí ìhà méjì péré) tó kọjú síra wọn. Ipò gíga kan wà ní 19.8 eV tí spin wọn ti kọjú sí ibì kan náà. Ìmọ́lẹ̀ kò lè gbé helium dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí pé kì í sábà yí spin padà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè ṣe é lọ́nà tó rọrùn: èyí tí spin rẹ̀ bá ìgbékalẹ̀ tuntun mu yóò wọlé, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà níbẹ̀ yóò sì jáde. Bí helium bá ti dé ipò yẹn, tí kò sì sí ohun tó kọlù ú, ó lè lo ohun tó lé ní wákàtí méjì níbẹ̀ kó tó tan ìmọ́lẹ̀ padà sílẹ̀. Ìgbà ayé gígùn gbáà nìyẹn fún átọ́ọ̀mù tí a ti rú sókè.

Kí ni cross section tí gbogbo ìwé fi ń wọn nǹkan yìí?

Ẹ ronú pé átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ojú kan tó kọ sí ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà bọ̀, àti pé èyíkéyìí tó bá bọ́ sórí ojú náà ni ìkọlù bá. Fífẹ̀ ojú yẹn ni cross section. A sábà máa ń wọ̀n ọ́n ní 10⁻²⁰ mítà oníhà mẹ́rin, ìyẹn àyè onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà.

Ohun tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn ni pé fífẹ̀ yìí kì í dúró sójú kan. Átọ́ọ̀mù argon ò tóbi sí i, kò sì kéré sí i, síbẹ̀ cross section rẹ̀ ń sún mọ́ 24 nínú ìwọ̀n yẹn ní nǹkan bí 13 eV, ó sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ 1 ní nǹkan bí 0.3 eV. Mólékù kan náà tún ní cross section ọ̀tọ̀ fún yíyí, òmíràn fún gbígbọ̀n, òmíràn fún jíjá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé cross section gáàsì kan jẹ́ iye báyìí, tí kò sọ agbára àti irú ìkọlù tó ní lọ́kàn, kò tíì sọ nǹkan kan.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ mọ̀ pé átọ́ọ̀mù ń yan iye agbára tó máa gbà?

Ní Berlin ní 1914, James Franck àti Gustav Hertz fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá nínú túùbù tí oru mákúrì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé fólítì sókè díẹ̀díẹ̀. Iná tó ń dé òdìkejì ń pọ̀ sí i, àfi bó ṣe dé nǹkan bí 4.9 fólítì tó já wálẹ̀ lójijì. Ó tún gòkè, ó tún já wálẹ̀ lẹ́yìn 4.9 mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò tó 4.9 eV kàn ń ta padà lára mákúrì láìfi nǹkan sílẹ̀. Bó bá pé 4.9 báyìí, ó lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mákúrì wá ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 254 nánómítà, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ 4.9 eV gẹ́lẹ́.

Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ rò pé ṣe ni wọ́n ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára mákúrì. 10.4 eV ni ìyẹn ń gbà. Ipò gíga ni wọ́n ń gbé e sí, ó sì bá ohun tí Niels Bohr ti sọ nípa átọ́ọ̀mù ní 1913 mu. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún ọdún 1925 lórí iṣẹ́ yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gba inú argon kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀?

Òótọ́ ni. Carl Ramsauer rí i ní Jámánì ní 1921. Ní àkókò kan náà, John Townsend àti V. A. Bailey rí i ní Oxford pẹ̀lú irinṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń dín agbára kù, wọ́n retí pé argon yóò túbọ̀ máa dí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́, nítorí pé ohun tó ń falẹ̀ rọrùn láti yí lọ́nà. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Argon fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń là kọjá. Krypton àti xenon náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní agbára tó ga díẹ̀ ju ti argon lọ.

Kò sí àlàyé kankan fún un nínú físíìsì àtijọ́. Ìgbì ló tú u. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá sún mọ́ argon, ṣáàjì rẹ̀ ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù sẹ́yìn díẹ̀, átọ́ọ̀mù náà á wá máa fà á mọ́ra. Inú ibi tí ìfàmọ́ra náà ti lágbára ni ìgbì ti ń kúrú sí i, tó sì ń pọ̀ sí i. Ní agbára kan pàtó, iye tí ìgbì fi pọ̀ nínú átọ́ọ̀mù jẹ́ ìdajì ìgbì tó pé láìkù síbì kan. Bó bá jáde sí òdìkejì, ìgbì náà rí bákan náà pẹ̀lú ìgbì tí kò pàdé ohunkóhun. Ní agbára tó kéré tó báyìí, ìgbì tó rí rogodo, tí kò ní igun, nìkan ló ń dé inú átọ́ọ̀mù, nítorí náà kò sí ìgbì mìíràn tó máa ba ìdọ́gba yẹn jẹ́.

Helium àti neon kò ní irú ihò yìí, ìyẹn ibi tí cross section ti ń já wálẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú helium kì í rọrùn láti tì: argon ń fi ara fún ìtìsẹ́yìn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ju helium lọ. Ìfàmọ́ra helium kéré jù láti mú ìgbì pọ̀ tó iye tó yẹ. Mẹ́téènì, tó jẹ́ mólékù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí rogodo, ní ihò tirẹ̀ náà.

Báwo ni ohun tó fúyẹ́ tó báyìí ṣe lè mú mólékù gbọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Mólékù naitrójìn wúwo ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 51,000. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá kàn gbá a, agbára tó lè fi sílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000 agbára tó gbé wá. Àkókò tún kéré: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1 eV ń kọjá lára mólékù náà láàárín nǹkan bí 5 × 10⁻¹⁶ ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí naitrójìn ń gba nǹkan bí 14 × 10⁻¹⁵ ìṣẹ́jú-àáyá kó tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Kí àwọn átọ́ọ̀mù méjèèjì tó mira, àlejò ti lọ. Tí a bá fi ojú èyí wò ó, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe rárá.

Síbẹ̀, nígbà tí George Schulz wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1960, ó rí i pé naitrójìn ń gbọ̀n gidigidi bí agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá wà láàárín nǹkan bí 2 sí 4 eV. Kì í ṣe gbígbọ̀n ìpele kìíní nìkan. Ìpele kejì, ìkẹta, ó sì tún gòkè jùyẹn lọ. Lẹ́yìn 4 eV, ó tún rọlẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ń dúró. Naitrójìn ní àyè kan lókè àwọn ipò tó ti kún, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àjèjì lè jókòó sí fún ìgbà díẹ̀. Àyè náà kò lágbára tó láti dá a dúró síbẹ̀ títí lọ, ṣùgbọ́n ògiri kan yí i ká. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ ń yípo, yíyípo yẹn ló sì ń dí i lọ́nà láti jáde. Ó ní láti yọ́ gba inú ògiri náà kọjá. Ìyẹn ló ń dá a dúró fún àkókò tó ju ti ìkọjá lásán lọ, tó sì ń sún mọ́ àkókò tí mólékù fi ń gbọ̀n. Fún ìwọ̀n ìgbà kúkúrú yẹn, ohun tó wà níwájú wa kì í ṣe naitrójìn àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́. Áyọ́ọ̀nù nẹ́gétíìfù ni, ìdè rẹ̀ sì dẹ̀ ju ti naitrójìn lọ. Àwọn átọ́ọ̀mù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í súnra kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá jáde, wọ́n bá ara wọn níbi tí wọn kò yẹ kó wà, wọ́n á sì máa gbọ̀n. Ohun tí a ń pè ní resonance nìyí.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn lórí gíráàfù fúnra rẹ̀. Láàárín 2 sí 4 eV yẹn, cross section kì í gòkè kó sì sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní eyín bíi ti ayùn, eyín kọ̀ọ̀kan sì jìnnà síra ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin eV kan. Àwọn átọ́ọ̀mù inú áyọ́ọ̀nù náà ń súnra lọ, wọ́n ń padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sá lọ, ìgbì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ sì ń dàpọ̀ mọ́ra wọn. Nǹkan tó wà láyé fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí kò ṣeé fojú inú wò fi ìrísí ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí bébà. Mi ò mọ ohun tó wú mi lórí jù èyí lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kábọ́ọ̀nù mónósáídì ní tirẹ̀ ní nǹkan bí 1.8 eV, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì ní nǹkan bí 3.8 eV. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mólékù tí kò ní.

Ṣé átọ́ọ̀mù náà ní resonance?

Ó ní. Èyí tó lókìkí jù ni ti helium ní 19.37 eV, tí Schulz yìí náà kọ́kọ́ rí ní 1963. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ á ru ọ̀kan sókè, òun àti èyí tó rú sókè á wá jọ rọ̀ mọ́ helium náà fún ìgbà díẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, kò fẹ̀ ju nǹkan bí 0.011 eV lọ. Nítorí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí ibi tó wà sì dá wọn lójú, òun ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń tún òṣùwọ̀n agbára wọn ṣe.

Ṣé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kankan lè fọ́ mólékù?

Ó lè fọ́ ọ, ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Mólékù CCl₄ dára fún àpẹẹrẹ. Láti já klórínì kan kúrò lára rẹ̀, nǹkan bí 3 eV la nílò. Ṣùgbọ́n bí átọ́ọ̀mù klórínì bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan mọ́ra, 3.6 eV ló ń tú sílẹ̀. Owó tí a jèrè ju èyí tí a ná lọ. Nítorí náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rá bàbà pẹ̀lú agbára òdo ti tó láti pín mólékù náà, klórínì á sì gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù nẹ́gétíìfù.

Omi yàtọ̀. Ìdè inú omi le, háídírójìn kì í sì í jèrè púpọ̀ nínú gbígba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, 0.75 eV péré. Omi kì í fọ́ lọ́nà yìí àfi bí agbára bá sún mọ́ 6.5 eV, níbi tí resonance kan ti ń mú H⁻ jáde.

Gáàsì SF₆ ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára òdo mọ́ra ju ọ̀pọ̀ gáàsì mìíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í kún inú ẹ̀rọ tó ń pa iná alágbára gíga: ó ń kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá já kúrò kí iná má bàa fò. Wàhálà rẹ̀ ni pé bó bá jò sínú afẹ́fẹ́, ó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20,000 tí a bá fi kílò kan wé kílò kan fún 100 ọdún. Wọ́n ń wá gáàsì tó máa rọ́pò rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń wò ni bó ṣe ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra.

Kí ló kan DNA nínú èyí?

Bí ìtànṣán alágbára ńlá bá wọ inú ara, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń já gbà lójú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní ju 20 eV lọ. Fún ìgbà pípẹ́, ìgbàgbọ́ ni pé àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe nǹkan kan fún DNA bí agbára wọn kò bá ti tó láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ Léon Sanche ní Yunifásítì Sherbrooke ní Kánádà fi hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láàárín 3 sí 20 eV ń já okùn DNA, nígbà mìíràn okùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìjábọ́ náà ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí agbára ṣe ń yí padà fi hàn pé resonance ló ń ṣe é. Ìwádìí yìí yí ojú tí a fi ń wo ìpalára ìtànṣán padà, ó sì mú káwọn èèyàn máa ronú nípa oògùn tó lè mú kí ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán túbọ̀ ṣiṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ní ṣókí: ìtú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tín-ín-rín kan, ìtú gáàsì kan tó dábùú rẹ̀, àti irinṣẹ́ tó ń ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yà sí igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tó kù lára rẹ̀. Inú àpótí onírin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ìṣòro wà nínú kúlẹ̀kúlẹ̀. Wáyà gbígbóná tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde kì í fún gbogbo wọn ní agbára kan náà, wọ́n ń yàtọ̀ síra ní nǹkan bí ìdajì eV. Ẹni tó fẹ́ rí gbígbọ̀n naitrójìn tó jẹ́ 0.29 eV kò lè rí nǹkan kan pẹ̀lú ìyẹn. Wọ́n á wá darí ìtú náà gba àárín ìlàjì bọ́ọ̀lù onírin méjì tí ọ̀kan wà nínú ìkejì, tí fólítì wọn yàtọ̀ síra. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yára jù á gbá ògiri ìta, èyí tó falẹ̀ jù á gbá ti inú, kìkì èyí tí agbára rẹ̀ ṣe déédéé ló ń rí ojú ihò jáde. Ìyàtọ̀ agbára á wá sọ̀kalẹ̀ sí ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún eV, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìtú náà ti ṣòfò. Ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì máa ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Òòfà ilẹ̀ ayé náà ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1 eV tí kò ní ààbò yóò yípo nínú òòfà yẹn pẹ̀lú ìlàjì òbírí tí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, kò sì ní dé ibi tí wọ́n rán an. Nítorí náà wọ́n ń fi mẹ́tàlì tó ń dènà òòfà bo gbogbo irinṣẹ́ náà, tàbí kí wọ́n fi wáyà yí i ká kí wọ́n fi òòfà tiwọn pa ti ilẹ̀. Gáàsì tó bá lẹ̀ mọ́ ojú irin lè yí fólítì ibẹ̀ padà díẹ̀, tí agbára tí wọ́n kà yóò sì fi irọ́ hàn. Wọ́n ń gbé e gbóná, wọ́n sì ń fi dúdú kábọ́ọ̀nù kun inú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iye mólékù tó wà nínú ìtú gáàsì ṣòro láti mọ̀ tààrà. Wọ́n á fi gáàsì tí wọ́n ń wádìí àti helium sínú irinṣẹ́ kan náà, wọ́n á fi wọ́n wéra. Helium ni wọ́n yàn nítorí pé ní ìsàlẹ̀ 19.8 eV kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i ju kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yà lára rẹ̀ lọ, ìṣirò sì ti fún wọn ní iye tó dájú.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà, ó sì ti pẹ́. Wọ́n á tú ọ̀pọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú gáàsì tí iná wà nínú rẹ̀, wọ́n á wọn bí wọ́n ṣe ń yára sún síwájú àti bí wọ́n ṣe ń tàn ká. Láti inú ìyẹn ni wọ́n ti ń ṣe ìṣirò padà sẹ́yìn sí cross section. Ọ̀nà Townsend nìyí. Ní agbára tó kéré gan-an, níbi tí ìtú tín-ín-rín kò ti ṣeé darí, òun ló péye jù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀kùn tó ṣí bá pọ̀, onírúurú àkójọ cross section lè bá àbájáde kan náà mu.

Ṣé ìṣirò kò lè fún wa ní gbogbo rẹ̀?

A mọ òfin rẹ̀ láti 1926, ìyẹn ìṣirò Schrödinger. Yíyanjú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ó kéré tán, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì àti kókó átọ́ọ̀mù kan ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù ń fa èkejì tàbí ń tì í, kò sì sí ìdáhùn tí a lè kọ sílẹ̀ ní ìlà kan. Kódà háídírójìn, tó rọrùn jù, ni wọn ò rí yanjú pátápátá fún ìgbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì bá jáde, àfi ìgbà tí kọ̀ǹpútà ńlá dé. Igor Bray àti Andris Stelbovics ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà kan jáde ní 1992 tó bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu dáadáa. Ní 1999, Rescigno, McCurdy àti àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà yanjú jíjá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù háídírójìn gbà láti orí kọ̀ǹpútà.

Fún mólékù, ọ̀nà R-matrix ni ọ̀pọ̀ ń lò. Peter Burke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast ṣiṣẹ́ ribiribi lórí rẹ̀. Wọ́n ń pa ààlà yí mólékù ká: inú ààlà ni ibi tí gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń dà pọ̀, ìta ni ibi tí àlejò ti dá wà, wọ́n á sì so méjèèjì pọ̀ ní ojú ààlà. Mólékù kéékèèké ti ń jáde dáadáa. Àwọn ńlá, àti èyí tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń súnra nígbà tí resonance ń lọ lọ́wọ́, ṣì le.

Kí ni ìmọ̀ yìí wúlò fún?

Níbikíbi tí gáàsì bá ti ń tàn nítorí iná, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára kékeré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná fluorescent gbọọrọ ń lo 254 nánómítà tí Franck àti Hertz rí, tí àtíkè tó wà nínú gíláàsì ń sọ di ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí. Lésà kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì, tó ti wà láti 1964, gbára lé resonance naitrójìn tí mo ṣàlàyé lókè: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń mú naitrójìn gbọ̀n, naitrójìn ń gbé gbígbọ̀n náà fún kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì nítorí pé agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lésà á sì jáde ní 10.6 máíkírómítà. Wọ́n ń fi irú lésà yìí gé irin.

Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà ń fi plásímà, ìyẹn gáàsì tí a ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára àwọn kan nínú átọ́ọ̀mù tàbí mólékù rẹ̀, gbẹ́ ìlà tín-ín-rín sára sílíkọ́ọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú plásímà náà ló ń fọ́ gáàsì bíi CF₄ kí fúlórínì lè jáde láti jẹ sílíkọ́ọ̀nù. Lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ aurora (èyí tó máa ń tàn lálẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tó sún mọ́ òpin àríwá àti gúúsù ayé) aláwọ̀ ewé tó jẹ́ 557.7 nánómítà àti pupa tó jẹ́ 630.0 ń wá láti ara átọ́ọ̀mù ọ́síjìn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń wọlé láti òkè lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó já gbà lójú ọ̀nà, tó jẹ́ alágbára kékeré, ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rírú ọ́síjìn sókè.

Níbo ni mo ti lè rí iye cross section tí mo lè lò?

LXCat wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àkójọ tó sì wà níbẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùwádìí tó pọ̀. Ẹ má mú gbígbọ̀n láti inú àkójọ kan, kí ẹ mú ìyàlọ́nà láti inú òmíràn. Olúkúlùkù àkójọ ni wọ́n tún ṣe kí gbogbo apá rẹ̀ lè bára mu, àbájáde yóò sì ṣìnà bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀. Ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n wọ̀n ni tàbí ohun tí wọ́n ṣírò, bóyá láti ara ìtú tín-ín-rín ni tàbí láti ara ọ̀nà Townsend, àti agbára tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Fún mólékù tí ṣáàjì rẹ̀ kò pín dọ́gba, bí omi, ẹ ṣọ́ra gan-an fún igun tó sún mọ́ òdo: ìyàlọ́nà pọ̀ jù níbẹ̀, irinṣẹ́ kì í sì í dé ibẹ̀, nítorí náà ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń fi dí àlàfo náà.